Bí Mo Ṣe To Èsì Àyẹ̀wò Ọkàn Màmá Mi Tí Kò Bára Mu

Ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 45. Ìdá 54. Echo mẹ́ta (àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn) láàárín ọdún méjì, ọkàn kan náà. Nígbà tí ìkejì jáde, Màmá ò lè jẹun alẹ́. Nígbà tí ìkẹta dé, wọ́n bi mí bóyá ọkàn àwọn ti san ni àbí ẹnì kan ṣìṣe. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ni mo bá kó gbogbo ìwé náà sórí tábìlì.

EF ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yẹn: nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún yàrá òsì ìsàlẹ̀ ọkàn, ìdá mélòó ni ọkàn ń tì jáde tó bá lù lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti tó nǹkan bí 55 sókè, ara balẹ̀.

Mo fa ilà sínú ìwé, mo kọ ọjọ́, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá, àti àwọn nọ́ńbà yòókù, títí kan àwọn tó wà nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n wọn ti ìkíní àti ìkẹta lórí àwòrán ni, ṣùgbọ́n ojú lásán ni wọ́n fi díwọ̀n ìkejì. Lọ́jọ́ náà, ọkàn Màmá ń lù ní ìgbà 118 ní ìṣẹ́jú kan, ó yá ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti 58 àti 54, kò sí ìjà níbẹ̀: ẹni méjì tó mọṣẹ́ lè wọn ọkàn kan náà kí iye wọn fi 5 yàtọ̀.

Mo gba àwòrán gan-an sórí CD (ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba àwòrán yín, ìwé nìkan ò tó), a sì gbé e lọ bá dókítà ọkàn. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wò wọ́n pẹ́. Ó wá nàka sí ìlà kan tí mo kọ sílẹ̀ tí mi ò kà sí: bí yàrá òsì òkè ṣe fẹ̀ tó. Mìlímítà 36, 39, 42. Èyí tí a ń tìtorí ẹ̀ sọkún dúró sójú kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ló ń lọ sókè.

“Mà, ṣé àyà yín máa ń ṣàdédé lù kìkì?”

Màmá wojú mi kí wọ́n tó dáhùn. “Lóru ni. Á ṣe gbì-gbì-gbì, á dákẹ́, á tún ṣe gbì.” Wọn ò sọ ọ́ rí, torí gbogbo ìgbà ni ECG wọn ń dára. Bẹ́ẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ni ECG fi ń gba ìlù ọkàn sílẹ̀.

Wọ́n so ẹ̀rọ Holter, tó ń gba ìlù ọkàn sílẹ̀ láìdúró, mọ́ wọn láyà fún wákàtí 24. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ó mú un: yàrá òkè ń gbọ̀n, ìlù ọkàn ń lọ ségesège. Dókítà tún ṣí àwòrán ìkejì, ó fi ilà tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ hàn mí. Àlàfo àárín ìlù kan sí èkejì ò dọ́gba. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlù kan lè ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde, kí èyí tó tẹ̀ lé e máà tì tó ìdajì rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ìlù bíi mélòó kan kí wọ́n tó pín in dọ́gba.

Màmá ti ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú yàrá tó ń gbọ̀n, kó sì fa rọpárọsẹ̀. Ní ti echo tó ń bọ̀, a ti bẹ àwọn tó máa ṣe é: ẹni kan náà, ẹ̀rọ kan náà, kí wọ́n sì kọ bí ọkàn ṣe ń lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà.