Bí mo ṣe kúrò nídìí gíá bọ́ sídìí bátìrì

Owó oṣù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ bátìrì ní kí n fọwọ́ sí, èmi tí mo ti ń to gíá mọ́tò kí àwọn ọ̀gá tó kọ ìwé náà tó jáde ilé ìwé. Ó ṣì ń dùn mí títí di báyìí.

Ilé iṣẹ́ wa kéde pé mọ́tò oníná nìkan làwọn fẹ́ máa ṣe. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Mọ́tò oníná kò ní táńkì epo, kò ní páìpù èéfín, ẹyọ gíá kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹni tó ń to gíá ò ní nǹkan tí yóò tò mọ́, àfi kó kọ́ iṣẹ́ bátìrì.

Mo kọ́ ọ, mo sì yege. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ni kí ẹ máa ṣọ́: 400 volt ló wà nínú òmíràn, àwọn kan tó 800. Kí n tó fọwọ́ kan bátìrì, mo máa ń ká ẹnu ibọ̀wọ́ rọ́bà mi kí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, màá gbé e súnmọ́ etí bóyá ó ń jò, kí n tó wọ ibọ̀wọ́ aláwọ lé e. Bí mo bá ti já iná, màá dúró kí èyí tó fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ gbẹ tán, màá sì wọ̀n ọ́n wò. Àwọn ọ̀dọ́ tá a jọ kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń wá béèrè báyìí.

Lẹ́tà ọdún iṣẹ́ ló dá mi dúró. Ilé iṣẹ́ bátìrì yìí kò jìnnà sí tiwa rárá, àmọ́ orúkọ mìíràn ló ń jẹ́, torí tiwa àti ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bátìrì ni wọ́n jọ ni ín. Wọ́n ní ọdún iṣẹ́ mi parí sẹ́nu géètì, àfi tí mo bá mú lẹ́tà wá láti ọ́fíìsì àtijọ́.

Ọ́fíìsì àtijọ́ ní àwọn kì í kọ lẹ́tà fẹ́ni tí kò tíì ní ọjọ́ tí yóò wọṣẹ́ níbòmíràn. Tọ̀hún ní àwọn kì í dá ọjọ́ fẹ́ni tí kò tíì fọwọ́ síwèé. Ìwé wo? Ìwé olówó kékeré yẹn náà ni! Gbogbo ìgbà tí mo bá sì padà dé, wọ́n ti tú ẹ̀rọ kan sí i kúrò níbi tí à ń to gíá sí.

Mo yarí, n ò fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ló pe ọ́fíìsì méjèèjì jókòó, ó sì sọ ọ̀rọ̀ Lordstown ní Ohio, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fún wọn. General Motors ti ilé iṣẹ́ mọ́tò ibẹ̀ pa ní 2019; ilé iṣẹ́ bátìrì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2022 ń san dọ́là 16.50 ní wákàtí kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ dìbò wọ UAW, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́tò, ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, nígbà ìyanṣẹ́lódì 2023 sì ni General Motors gbà láti kó iṣẹ́ bátìrì sábẹ́ àdéhùn kan náà pẹ̀lú tàwọn òṣìṣẹ́ mọ́tò. Lẹ́yìn ìjókòó yẹn ni ọ́fíìsì àtijọ́ tó kọ lẹ́tà mi, tí tọ̀hún sì yí owó inú ìwé náà padà.

Ẹ gba lẹ́tà ọdún iṣẹ́ yín nígbà tí iṣẹ́ àtijọ́ ṣì ń lọ. Kí wọ́n kọ ọdún, ipò àti ìsinmi tó kù fún yín sínú rẹ̀, kí wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀. Kíláàsì lè dúró. Ẹ tún bi wọ́n ta ni yóò sanwó ẹ̀kọ́. Èmi ni mo san tèmi, wọ́n ní àwọn yóò dá a padà, n kò sì tíì rí nǹkan kan gbà.