Kọ́mà òyìnbó kìí ṣe ibi tí wọ́n ti ń mí o

Táńkẹ́ níbí ni mo ti ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ Unilorin, àwọn mí-ìn á ní kí n bá àwọn yẹ gírámà ẹ̀ wò, mo dẹ̀ lè búra pé kò sóhun tí mò ń pa rẹ́ tó kọ́mà. Ibi tí èémí bá ti tán lọ̀pọ̀ wa ń jù ú sí, torí bí tíṣà ṣe kọ́ wa ní pírámárì nìyẹn, pé tó o bá rí kọ́mà kó o sinmi díẹ̀. Tó bá jẹ́ kíkà, ó dáa. Tó bá di kíkọ, wàhálà dé.

Ẹ wo eléyìí: "The man who sells wara at Ipata, is my uncle." Gbólóhùn yẹn gùn, ẹni tó ń kọ ọ́ fẹ́ mí, ló bá fi kọ́mà síwájú "is". Rárá o. Látorí "The man" títí dé "Ipata", ẹnì kan náà là ń sọ, a kìí fi kọ́mà kan ṣoṣo ya òun àti "is" ẹ̀, bó ti wù kó gùn tó.

Èyí tó tún ń kó bá wa ni pé Yorùbá gbà ká sọ pé mo lọ Ọ̀ffà, mi ò bá a, wọ́n ní ó ti lọ Òmù-Àrán, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà. Òyìnbó ò gbà á. "I went to Offa, I did not see him" ò dáa. Fọwọ́ bo apá ọ̀tún, wò ó bóyá apá òsì lè dá dúró, kó o tún bo òsì náà wò. Tí méjèèjì bá ti lè dá dúró, kọ́mà nìkan ò lágbára láti so wọ́n pọ̀, fi fúlúsítọ́ọ̀pù sí i, àbí kó o jẹ́ kí "but" tẹ̀lé kọ́mà yẹn. (Eléyìí tí mò ń kọ gan-an, ká ní òyìnbó ni, bírò pupa ì bá ti tán lórí ẹ̀.)

Tó bá jẹ́ èèyàn lò ń pè, kọ́mà di dandan, "Good morning, sir." Àwa ará Ìlọrin ló yẹ kó tètè yé. "Call him Alfa", ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ máa pe ọkùnrin yẹn ní Ààfáà. "Call him, Alfa", Ààfáà lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, pé kó bá ẹ pe ẹlòmí-ìn.

Tí "after" tàbí "when" bá ṣíwájú, fi kọ́mà síbi tí apá yẹn parí sí. "After we ate the goat ran away", ẹni tó kà á á kọ́kọ́ rò pé ẹ ti jẹ ewúrẹ́ tán, èwo ló wá sá lọ? Kọ́mà lẹ́yìn "ate" ló máa dá ẹ̀mí ewúrẹ́ sí.

Ti lísíìtì ò le, "wara, eggs, and yam". Kọ́mà tó ṣíwájú "and" yẹn ni wọ́n ń jà lé, àwọn kan ń fi sí i, àwọn kan kìí fi sí i. Ní Maine, ní Amẹ́ríkà, irú ẹ̀ tí kò sí nínú òfin owó overtime làwọn awakọ̀ Oakhurst Dairy, kọ́ńpìnnì tó ń ta mílíìkì, fi pẹjọ́, kóòtù gbè wọ́n ní 2017, nígbà tó di 2018 kọ́ńpìnnì yẹn gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là. Èmi máa ń fi sí i.