Bí Ọmọ Yín Obìnrin Ṣe Lè Gba Báàjì Nínú Girl Scouts

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ yín obìnrin bá ti iléèwé dé tó ní òun fẹ́ wọ Girl Scouts, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́ oríṣiríṣi nǹkan, ọ̀rọ̀ báàjì, ìyẹn àmì tí wọ́n ń fún ọmọ tó bá kọ́ nǹkan kan parí, kò ní pẹ́ délé yín. Báàjì lára aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló máa ń wọ ọ̀pọ̀ ọmọ lójú. Juliette Gordon Low ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Savannah, ìpínlẹ̀ Georgia, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ọdún 1912, pẹ̀lú ọmọbìnrin 18. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ṣe Girl Guides ní Nàìjíríà, ará ilé kan náà ni wọ́n: ìka mẹ́ta tí ẹ fi ń kí ara yín nígbà náà làwọn náà ń nà sókè.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìpele ọmọ. Kíláàsì tó wà ló máa sọ ọ́. Láti kindergarten dé kíláàsì 1 ni Daisy, 2 sí 3 ni Brownie, 4 sí 5 ni Junior, 6 sí 8 ni Cadette, 9 sí 10 ni Senior, 11 sí 12 ni Ambassador. Báàjì ìpele rẹ̀ ni ọmọ ń gbà, bó ti wù kó gbọ́n tó. Àwọn Daisy ní tiwọn máa ń kọ́kọ́ gba petal, àmì kékeré tó rí bí ewé òdòdó, tí wọ́n ń tò yípo. Ìlà kan nínú òfin ẹgbẹ́ ni petal kọ̀ọ̀kan dúró fún. Bí kò bá sí troop, ìyẹn ọ̀wọ́ àwọn ọmọ tó ń pàdé pọ̀, nítòsí yín, ọmọ lè forúkọ sílẹ̀ ní òun nìkan. Juliette ni wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ yan báàjì. Àwa òbí Yorùbá, ojú wa kì í kúrò lára ti kọ̀ǹpútà àti róbọ́ọ̀tì, nítorí ẹnjiníà tí a ti fi í ṣe lọ́kàn wa. Ẹ fi í sílẹ̀. Báàjì ìpàgọ́ wà, ti àwòrán yíyà wà, ti ìtọ́jú ẹni tó fara pa náà wà. Èyí tó bá wù ú ló máa ṣe parí.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ló sábà máa ń wà nínú báàjì kan. Lábẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé rẹ̀ yóò to ọ̀nà bíi mẹ́ta sílẹ̀, ọmọ á mú ẹyọ kan ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi Simple Meals, báàjì oúnjẹ àwọn Junior, wò ó.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ní kí ọmọ kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ẹni tó mọ oúnjẹ sè dáadáa. Kò dìgbà tó bá jẹ́ kúùkù ilé oúnjẹ ńlá. Bí ìyá àgbà bá wà nílé tó wá bá yín wẹ ọmọ tuntun, ọ̀gá ti dé nìyẹn.

Ìkejì ni oúnjẹ àárọ̀. Àkàrà pẹ̀lú ògì dára púpọ̀ fún un, nítorí iṣẹ́ tí ọmọ lè fojú rí wà nínú rẹ̀. Kí ó rẹ ẹ̀wà, kí ó bó èèpo rẹ̀ kúrò, kí ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà láìbu omi púpọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ṣíbí onígi lù ú nínú abọ́ títí yóò fi wú, tí yóò sì fúyẹ́. Ìgbà tí epo bá ti gbóná ni kó tó fi iyọ̀ sí ẹ̀wà lílọ̀ náà, kó wá dín in. Kí àgbàlagbà dúró tì í nídìí epo o.

Ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ á ṣe ìkẹta, ìyẹn oúnjẹ ọ̀sán tàbí ti alẹ́. Ìkẹrin ló máa ń dí wa lọ́wọ́ díẹ̀: ìpanu dídùn tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tó jẹ́ pé àwa, ẹran ló ń gbẹ̀yìn oúnjẹ tiwa. Puff-puff tàbí máńgòrò tí a gé dáadáa kò burú. Ìkarùn-ún, kí ó gbé oúnjẹ odindi kalẹ̀ fún ará ilé. Bí ohun tó wà nínú ìwé kò bá ṣeé ṣe nílé yín, ẹ fi èyí tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àǹtí tó ń darí troop. Ohun tí ìgbésẹ̀ náà fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ló ṣe kókó.

Kí ó fi iṣẹ́ han àǹtí náà. Fọ́tò díẹ̀ àti àlàyé láti ẹnu ọmọ ti tó, nítorí kò sí ìdánwò. Ẹ má bá a ṣe é o. Báàjì fúnra rẹ̀ kò ju dọ́là mélòó kan lọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ ò ní fi ìyẹn fọ́nnu.

Ẹ rán an mọ́ aṣọ. Báàjì tí ọmọ ṣiṣẹ́ fún, iwájú ni. Patch tí wọ́n fún un torí pé ó lọ síbi ayẹyẹ kan, ẹ̀yìn ni. Àwọn kan ní gọ́ọ̀mù tí ẹ lè fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìfọṣọ máa ń ṣí wọn. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló dájú.

Àmì-ẹ̀yẹ ńlá mẹ́ta ló wà lókè báàjì. Bronze ni ti àwọn Junior, wọ́n ń ṣe é pọ̀, nǹkan bíi wákàtí 20. Silver ni ti Cadette, bíi wákàtí 50. Gold ni ti Senior àti Ambassador, ọmọ kan ló ń darí rẹ̀, bíi wákàtí 80. Council, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó Girl Scouts ní ẹkùn yín, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ètò Gold kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Kíkó aṣọ àlòkù jọ ránṣẹ́ sílé kò tó. Wọ́n fẹ́ kí ó wá ìdí ìṣòro, kí iṣẹ́ náà sì máa lọ lẹ́yìn tí òun bá kúrò. Fún àpẹẹrẹ, bí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì yín kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù bá dókítà wọn sọ̀rọ̀, ó lè kọ́ wọn, kó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn mìíràn, kó sì kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, lọ́dún tí ọmọ bá jáde kíláàsì 12, ni ilẹ̀kùn Gold ń tì. Ìwé wíwọ yunifásítì máa ń gba gbogbo àkókò kíláàsì yẹn, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì 10 tàbí 11.