Ẹ Má Gbé Bọ́ọ̀sì Yín Sábẹ́ Igi Máńgòrò: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Ẹ Bá Dá Ìrìn-àjò Dúró ní Èkó

Oṣù méje ni èmi àti ìyàwó mi fi gbé inú bọ́ọ̀sì. A gba Sẹ̀mẹ́ jáde, a wà á dé Dakar, a tún wà á padà, kí a tó sọ pé ká sinmi díẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Mo rò pé ojú ọ̀nà ni wàhálà wà. Irọ́ ni. Láàárín oṣù mẹ́ta tí ọkọ̀ náà fi dúró, ó bàjẹ́ ju bó ṣe bàjẹ́ lójú ọ̀nà lọ, ọwọ́ ara wa la sì fi bà á jẹ́.

Igi máńgòrò ló kọ́kọ́ tàn wá. Oòrùn oṣù kẹrin ń ta bí ata, àgbàlá àǹtí ìyàwó mi sì ní igi kan tó rúwé dáadáa. La bá gbé ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ tutù lóòótọ́, àmọ́ sólà tó wà lórí ọkọ̀ ò rí oòrùn mọ́, fìríìjì kékeré tó wà nínú ọkọ̀ ò sì yéé fa iná. Lọ́jọ́ kẹfà mo gbé mítà lé bátìrì: fóòtì 11.4. Bátìrì olómi tó kún máa ń ka nǹkan bíi 12.6. Tó bá fi lè wálẹ̀ sí 12, ó ti ń gbẹ lọ nìyẹn. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan funfun á bo òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná bó ti yẹ mọ́. Rìwáyà tó wá wò ó kàn rẹ́rìn-ín ni: “Ọ̀gá, eléyìí ti sùn.” Kò jí mọ́. Ewé igi náà tún dí ojú ibi tí omi ń gbà kúrò lórí òrùlé ọkọ̀. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkó mọ irú òjò tí mò ń wí), orí bẹ́ẹ̀dì wa lomi ń kán sí. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa ọkọ̀, kí ẹ̀yin bọ́ sábẹ́ igi.

Gbogbo àdúgbò ló tún ní kí n máa wáàmù ọkọ̀ láràárọ̀. Mo ń tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ń pa á. Iná tí sítátà jẹ ò tíì padà sínú bátìrì tí mo fi ń pa á, omi á sì dúró sínú sàlẹ́ńsà tí kò gbóná, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀. Ó sàn kí ẹ wà á jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tiwa di àárọ̀ Sọ́ńdè, kí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó jáde: a ó gun Third Mainland ní Adékúnlé, a ó sọ̀ ní Adéníji Adélé, a ó ra àkàrà, a ó padà. Táyà á yí, kò ní tẹ́ sójú kan. Èmi ò tíì rí ohun tó dùn ní Èkó tó afárá yẹn nígbà tó bá ṣófo.

Ẹ má fi gààrí tàbí ẹ̀pà sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Eku ti fi tíṣù wa tẹ́ ìtẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì kí n tó mọ̀, wọ́n sì ti gé wáyà iná iwájú jẹ.

Èyí tó tì mí lójú jù kì í ṣe ti ọkọ̀. A rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ inú bọ́ọ̀sì wa la ń sùn, a ò di ẹrù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n omi Alhaja, àǹtí ìyàwó mi tó ni àgbàlá, la fi ń wẹ̀, gọ́tà wọn la ń da omi abọ́ sí, iná wọn la fi ń cháàjì fóònù. Lọ́sẹ̀ kẹta, Alhaja pè mí. Ohùn wọn ò tilẹ̀ lọ sókè: “Àna wa, ẹ kú ìsinmi o. Ṣé mọ́tò yín náà ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi?” Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Láti ọjọ́ náà la ti ń dáwó iná, omi àti ilẹ̀ gbígbá, mo sì ń lọ kí wọn kí n tó fọnu láràárọ̀.

Ìwé kì í bá yín sinmi. Brown card ti ECOWAS, ìyẹn ìwé ìbánigbófò tí a fi ń kọjá ẹnubodè, ń ka ọjọ́ tirẹ̀ lọ bí ọkọ̀ tilẹ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nìkan ló yàtọ̀: láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tó fún gbogbo ayé ẹni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó tuntun lọ́wọ́ yín nítorí pé ó ti pé ọdún mẹ́wàá.

Ẹ má sì fi àtúnṣe sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lọ. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì tí mo fẹnu ṣàpèjúwe fún wọn ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, fi bí ìka kan gùn ju tiwa lọ, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀. Èyí tó gbó ni kẹ́ ẹ mú dání lọ, nínú ọ̀rá.