Ẹ̀rọ agégi tó ń rọ̀ bí a bá fún un níná: bí mo ṣe wá ohun tó ń ṣe é rí ní Kétu

Stihl MS 381 ni ẹ̀rọ náà, ẹ́ńjìnì 72 cc, igi tíìkì ni wọ́n fi ń gé. Ó ń jí, ó sì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìkú. Àmọ́ bí mo bá fún un níná báyìí, ìyẹn bí mo bá tẹ tírígà kó sáré, á dún “bùúù”, ohùn rẹ̀ á rọ̀, á fẹ́ẹ́ kú pátá. Bó bá jàjà gbéra, kí ṣéènì ṣáà ti wọ igi, ó parí. Ẹni tó ni ín ti fi tọ́nàvíìsì yí àwọn sukúrúù kàbúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò, síwá sẹ́yìn kó tó gbé e dé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn. Sukúrúù ní sípíríǹgì tó dì í mú. Kì í dédé yí ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gégi dáadáa tẹ́lẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ohun mìíràn ló dí, tó gbó tàbí tó ya.

Mo kọ́kọ́ yọ ṣéènì kúrò nínú ẹjọ́. Mo tú bíréèkì sílẹ̀, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fọwọ́ fa ṣéènì pẹ̀lú ẹ́ńjìnì ní pípa: ó ń yí wẹ́rẹ́. Ṣéènì tó kújú lè mú kí ẹ́ńjìnì wúwo nínú igi, ṣùgbọ́n kò lè mú un rọ̀ nígbà tí kò tíì kan igi rárá.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ló tẹ̀ lé e: ṣé ebi epo ló ń pa á ni, àbí epo ló yó jù? Mo yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, mo jí ẹ̀rọ níbi tí kò sí eruku, mo fún un níná. Bó bá jẹ́ pé ó já gaara láìsí asẹ́, asẹ́ ló dí, ẹ fọ̀ ọ́, ó tán. Kò yí padà. Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kàbúrétọ̀ díẹ̀ bí mo ti ń fún un níná. Ẹ má wulẹ̀ lo ṣóòkù fún èyí lórí irú ẹ̀rọ yìí, torí bí ẹ bá ti tẹ tírígà, ṣóòkù á já fúnra rẹ̀. Bíbo ẹnu rẹ̀ ń dín afẹ́fẹ́ kù, epo á sì pọ̀ jù ú lọ. Bí ẹ̀rọ bá burú sí i, tó ń tu èéfín dúdú, ó ti yó. Bó bá sàn, ebi ni. Tiwa sàn, àmọ́ kò sàn tán. Mo ti fura nígbà yẹn pé àìsàn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Epo ló kàn. Kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ inú ìgò ẹ̀bá títì, ni wọ́n ń bù sí i, èyí tí ẹni tó ń tà á ti po òróró mọ́. Ta ló mọ iye òróró tó wà níbẹ̀? Ta ló mọ iye ọjọ́ tó ti wà nínú oòrùn? Mo da ti inú táńkì sínú ìgò funfun, mo gbé e kalẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Omi kóra jọ sísàlẹ̀ ìgò bí ìlẹ̀kẹ̀, epo òkè sì ń rùn ọ̀dà. Mo dà á nù. Mo po tuntun: 20 ml òróró tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnì onípípò sí lítà epo kan, tó fi jẹ́ 100 ml fún lítà 5. Sẹ̀ríńgì láìsí abẹ́rẹ́, láti ilé òògùn, ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ìdérí ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí òróró náà kì í bá ṣe ojúlówó, 40 ml ni kí ẹ fi sí lítà kan. Òróró tí à ń dà sínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ lásán kò ṣe é lò níbí.

Àwọn kan gbà pé òróró àpọ̀jù ń ṣàánú ẹ́ńjìnì. Irọ́ ni. Òróró tó pọ̀ ń gba ààyè epo, ebi epo á bẹ̀rẹ̀, èédú á sì máa dì mọ́ ibi tí èéfín ń gbà jáde. Mo rí i lára bují (púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná) ẹ̀rọ yìí: ó dúdú, ó rin fún òróró. Mo fi bují tuntun sí i, mo ṣètò àlàfo rẹ̀ sí 0.5 mm. Mo tú sáléńsà, ohun tó ń dín ariwo èéfín kù. Àwọ̀n wáyà kékeré tó ń dá ẹta iná dúró níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Mo yọ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á mọ́. Kí n tó dá sáléńsà padà, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo pístọ́ọ̀nù láti ojú ihò èéfín. Bí ẹ bá rí ojú ọgbẹ́ tó là láti òkè dé ìsàlẹ̀ lára rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀: pístọ́ọ̀nù ti bàjẹ́, kò sí ohun tí ẹ máa ṣe sí kàbúrétọ̀ tó lè tún un ṣe. Tiwa ń dán.

Mo fi wáyà tí mo tẹ̀ fa asẹ́ epo jáde láti inú táńkì. Ó ti di dúdú, ó ń yọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo tẹ okùn rọ́bà rẹ̀ wò kí n lè rí i bó bá sán. Ihò tí táńkì fi ń mí náà lè dí, á wá máa fa epo sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ó sì sọjí bí ẹ bá dẹ ìdérí táńkì, ihò yẹn ni. Tiwa mọ́.

Ẹ̀rọ wá ń dún dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rọ̀ bí mo bá fún un níná lójijì. Ìgbà yìí ni mo tó tú kàbúrétọ̀.

Ẹ ya fótò rẹ̀ kí ẹ tó tú u, torí bí ẹ bá ṣi àwọn awọ rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì tò, ẹ̀rọ kò ní mu epo. Ní apá ibi tí abẹ́rẹ́ tó ń dí ọ̀nà epo wà, gásíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ kan ara kàbúrétọ̀, kí awọ tó tẹ̀ lé e; ní apá pọ́ńpù tó ń fa epo, awọ ló ń ṣáájú. Awọ apá abẹ́rẹ́ ló ń fi ọwọ́ irin kékeré ṣí ọ̀nà epo. Ó yẹ kó rọ̀ lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ lọ́wọ́. Tiwa ti le, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń dún kpá-kpá. Àṣírí tú! Awọ tó bá le kò lè tètè jẹ́ ìpè nígbà tí ẹ́ńjìnì bá bèèrè epo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tó fi ń mí dáadáa ṣùgbọ́n tó ń rọ̀ bí a bá tẹ tírígà. Nísàlẹ̀ apá pọ́ńpù, àwọ̀n kan wà tí kò tó èékánná. Ìdọ̀tí ti bo ìdajì rẹ̀. Mo fi orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ yọ ọ́, mo fi epo mímọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ má ti wáyà bọ àwọn ihò kéékèèké, ẹ má sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alágbára fẹ́ wọn, ẹ ó fọ́ fáàfù inú rẹ̀. Mo wọn gíga ọwọ́ irin kí n tó yọ abẹ́rẹ́, mo sì dá a padà bó ṣe wà. Mo lo awọ àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Rọ́bà tó so kàbúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, mo nà án wò: kò ya. Bó bá ya, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, gbogbo iṣẹ́ yìí á sì já sí asán.

Ó wá ku sukúrúù. L ló ń ṣètò epo nígbà tí ẹ̀rọ bá ń rọra yí, H nígbà tó bá ń sáré, LA ló sì ń ṣètò bó ṣe ń yára mí. Mo rọra yí L àti H wọlé títí wọ́n fi jókòó, láìfi agbára tì wọ́n, mo ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà ní yíyípo kan. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná. Mo yí L díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń gbéra láìlọ́ra, mo fi LA dín ìmí rẹ̀ kù títí ṣéènì fi dúró. Fún H, mo tẹ tírígà tán fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo ṣí i títí ohùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n díẹ̀. Bí ṣéènì ti wọ igi, ìgbọ̀n yẹn gbọdọ̀ lọ, kí ohùn já gaara. Ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ ti mú ṣáṣá kó tó kan igi, ebi epo ló ń pa á. Inú epo sì ni òróró tó ń dáàbò bo pístọ́ọ̀nù wà. A fi gé ìtì tíìkì kan, kò rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo da epo tó kù jáde, mo tún jí i kó jó ti inú kàbúrétọ̀ tán, torí ẹni tó ni ín sọ pé òun ò ní lò ó títí òjò á fi dá.