Bó o ṣe máa ṣe é tí ìfẹ́ bá mú ìwọ tó o máa ń fi ìfẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́

Ìwọ ni mò ń bá wí o. Ìwọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ní àwọn méjì kan ń fẹ́ra wọn nínú kíláàsì, ìwọ lo máa kọ́kọ́ yínmú, ìwọ tó o máa ń wọ dúdú látòkè délẹ̀ lọ́jọ́ 14 February tó o wá ń sọ fún gbogbo ayé pé ìfẹ́ kankan ò sí, owó ló wà. Ó ti ṣẹlẹ̀ báyìí. Ẹnì kan wà ní lẹ́sìnì, àbí nínú kọ́ià ṣọ́ọ̀ṣì yín, àbí ní ilé kejì sí tiyín, tí wọ́n ò lè dárúkọ ẹ̀ kí ojú ẹ má yí padà, o sì ti ń gba Ọjà Ọba lọ sílé nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà tó yá wà, torí ẹni yẹn máa ń gba ibẹ̀. O ò tíì sọ fẹ́nikẹ́ni. Inú tiẹ̀ ń bí ẹ.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ní Àkúrẹ́ níbí, mo sì máa ń rí irú yín dáadáa láti iwájú bọ́ọ̀dù. Àwọn tó ti ń kọ orúkọ olólùfẹ́ sẹ́yìn ìwé látìgbà JS1 kì í níṣòro, wọ́n ti mọ ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò kàn yín lẹ máa ń dàrú tó bá dé, torí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń fi rẹ́rìn-ín nìkan lẹ mọ̀.

Kọ́kọ́ fara balẹ̀ ná, nǹkan kan ò bà jẹ́ lára ẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rí lẹ máa ń fẹ́, ó dáa, ẹ̀rí rèé. Lọ́dún 2005 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Helen Fisher wà lára wọn, gbé iṣẹ́ kan jáde, wọ́n kó èèyàn 17 tí ìfẹ́ ń pa lọ́wọ́ sínú ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, wọ́n wá ń fi fọ́tò ẹni tí kálukú fẹ́ràn hàn án. Apá ọpọlọ tí dopamine, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ti ń tú jáde ló ń ṣiṣẹ́ gidi, apá yẹn kan náà ló máa ń jẹ́ kéèyàn dìde lọ wá ohun tó ń wù ú. Ìyẹn ni pé ká pè é ní ebi ló sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó bá sì ní òun ò gba ebi gbọ́, ṣé ìyẹn ní kó má jẹun alẹ́ ni? O ò ní láti yí èrò ẹ nípa gbogbo olólùfẹ́ ayé padà torí pé ó ti mú ẹ, ìwọ ṣáà gbà pé ó ti mú ẹ.

Ojú tó o fi ń fura sí gbogbo nǹkan yẹn, má gbé e sọ nù o, ibi tó ti wúlò rèé. Má fi wo ara ẹ mọ́, ẹni yẹn ni kó o fi wò. Báwo ló ṣe ń bá ọlọ́kadà sọ̀rọ̀ tí owó ṣéńjì bá dìjà? Tí àbúrò ẹ̀ bá da omi sí i lára ńkọ́? Ṣé ó máa ń rántí ohun tó o sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá àbí ìgbà tó bá fẹ́ kọ́pì assignment nìkan ló ń rántí orúkọ ẹ? Wò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Tó o bá rí i pé bàtà àti irun nìkan ló wà níbẹ̀, á lọ fúnra ẹ̀, o ò ní ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé bó o ṣe ń wò ó ló ń wù ẹ́ sí i, ó yá, ká máa lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kàn, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ wà, torí ẹnu yẹn ló máa bà á jẹ́ fún ẹ. Mo ti ń rí i látọjọ́ yìí, ìfẹ́ á mú ọmọ tẹ́nu ẹ̀ mú, dípò kí ẹnu ẹ̀ rọ̀ ńṣe ni á tún mú sí i, á máa ní orí ẹni yẹn tóbi, á ní ta ló di irun yìí fún ẹ, á máa sín ohùn ẹ̀ jẹ pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ tàbí ọmọ Àkókó tí èdè ilé wọn ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, òun náà á rò pé eré ìfẹ́ lòun ń ṣe, pé ẹni yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tí kì í bá ṣe pé òun fẹ́ràn ẹ̀ òun ò ní dá sí i rárá. Kò mọ̀ o! Èébú ló gbọ́. Ilé ló gbé e lọ, ó sì dà á rò mọ́jú. Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó, ìwọ wá ń fi ohùn ọfà tọrọ obì.

Mi ò ní kó o di ẹni jẹ́jẹ́ òjijì o, ìyẹn á dẹ́rù ba gbogbo èèyàn. Máa ṣe ẹ̀fẹ̀ ẹ lọ. Fi òjò ṣe ẹ̀fẹ̀, fi iná tó lọ ṣe ẹ̀fẹ̀, fi ìṣirò tó o gbà lódo ṣe ẹ̀fẹ̀, fi èmi tíṣà gan-an ṣe é tó bá pọn dandan. Àmọ́ ara ẹni yẹn, ilé ẹ̀, iṣẹ́ tí ìyá ẹ̀ ń ṣe, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ìwọ̀nyẹn jáde kúrò nínú ẹ̀fẹ̀ láti òní lọ. Tó o bá sì ti sọ irú ẹ̀ sẹ́yìn, lọ bá a láàárín ẹ̀yin méjèèjì, sọ pé "ohun tí mo sọ nípa irun ẹ lọ́jọ́sí ò dáa, má bínú", kó o má sì fi "àmọ́" kankan tì í nídìí.

Tó bá wá di ọjọ́ tó o fẹ́ sọ ọ́. Má sọ ọ́ níwájú ọ̀rẹ́ ẹ, má sọ ọ́ níwájú ọ̀rẹ́ tiẹ̀, má rán ẹnikẹ́ni, má sì kọ ọ́ sórí fóònù láago méjìlá òru. Lẹ́yìn lẹ́sìnì, nígbà tẹ́ ẹ bá jọ dúró tẹ́ ẹ ń retí kẹ̀kẹ́ Alágbàká, ìyẹn dáa, èèyàn ń kọjá, ẹ̀rù ò ní ba ẹnì kankan, tí kò bá sì fẹ́ dáhùn kẹ̀kẹ́ á ṣáà dé. Kó o sọ ọ́ kúkúrú. Ohun tí mo lè ní kó o sọ rèé:

"Ó máa ń dùn mọ́ mi tá a bá jọ ń sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ. Ṣé a lè jọ rìn dé Ọjà Ọba lọ́la lẹ́yìn lẹ́sìnì?"

Ó tán. Kò sí "ṣé o mọ̀ pé o ò fi bẹ́ẹ̀ burú", kò sí gírámà, kò sí "látọjọ́ tí mo ti rí ẹ mi ò rí oorun sùn mọ́", torí kò ní gbà ẹ́ gbọ́, ó mọ̀ ẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà kó o wá pa ẹnu dé. Ibẹ̀ ló le jù fún irú yín. Tó bá dákẹ́ díẹ̀, gbogbo ara ẹ á máa sọ pé kó o tètè rẹ́rìn-ín kó o ní "mò ń ṣeré ni o, wo ojú ẹ". Má sọ bẹ́ẹ̀! Tó o bá sọ bẹ́ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti parí nìyẹn, ó máa rò pé òun lo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwà tó o ti hù sẹ́yìn. Jẹ́ kó dákẹ́. Ka kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá.

Tó bá ní rárá, tàbí tó ní òun máa rò ó (ìgbà míì rárá náà nìyẹn), sọ pé "ó dáa, o ṣeun tó o dáhùn mi", kó o sì jẹ́ kó dáa lóòótọ́. Má bi í léèrè ìdí, má rán ọ̀rẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, má wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kiri pé ṣebí ẹ ti mọ̀ pé ìfẹ́ ò sí. Ó máa dùn ẹ́. Lọ gbá bọ́ọ̀lù, lọ fọ aṣọ, sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kan tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, ó máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá wá rọlẹ̀, tó ń di pé o ò jẹun mọ́ tó o ò fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, sọ fún àgbàlagbà kan lójú ẹsẹ̀, má dá a gbé.

WhatsApp ńkọ́? Ṣókí ni màá ṣe é. Tíìkì aláwọ̀ búlúù kì í ṣe ẹjọ́, ó lè jẹ́ pé dáta ti tán, iná ti lọ, àbí ìyá ẹ̀ ló gba fóònù. Tó o bá kọ nǹkan tó o tún yọ ọ́ kúrò fún ẹ̀yin méjèèjì, ó ṣì máa rí i pé o yọ nǹkan, á sì máa dààmú nípa ohun tó o kọ. Status tó ò ń gbé síbẹ̀ nítorí ẹnì kan ṣoṣo, tí ìwọ náà wá ń ṣí i ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú láti mọ̀ bóyá ó ti wò ó, jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀.

Ó gbà? Ẹ kú oríire. Ẹ rìn lọ bẹ́ ẹ ṣe sọ. Ẹ gba ọ̀nà Ọba Adésídà, ọ̀nà tó kún fún èrò, ẹ ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, kí kálukú san tiẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ máa san án fún ara yín. Mo mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, pé àwa la ni àsun, ṣùgbọ́n owó ọmọ iléèwé kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ àsun, ẹni tó bá yáwó ra àsun nítorí ìfẹ́, gbèsè nìkan ló máa kù lẹ́yìn ata. Tí iléèwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì bá ń kó yín lọ sí Òkè Ìdànrè, lọ o, mi ò rí ibi tó dáa tó ibẹ̀ fún ẹlẹ́nu mímú, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, tẹ́ ẹ bá fi máa dé ìdajì èémí ẹ ò ní tó láti fi bú ẹnikẹ́ni, tẹ́ ẹ bá wá dókè níbi tí ààfin àtijọ́ àti kóòtù àtijọ́ wà, ẹ̀ẹ́ jọ jókòó, ẹ̀ẹ́ rí i pé ẹ ti ń sọ̀rọ̀ gidi láìmọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ máa gbẹ̀san, ìyẹn dájú. Gbogbo ẹni tó o ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí ló máa pé jọ. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Tí wọ́n bá ní "àbí ìwọ kọ́ lo ní owó ló wà?", sọ pé "èmi náà ni", kó o máa jẹ bọ̀ọ̀lì ẹ lọ. Ohun tí o ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó o wá sẹ́ ẹni yẹn níwájú wọn, kó o máa sọ pé "ta? Èmi kẹ̀? Èyí?", torí Àkúrẹ́ ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́ ó ti dé etí ẹ̀.

Ìyá ẹ ńkọ́, wọ́n ti mọ̀. Látìgbà tó o ti ń lọ yunifọ́ọ̀mù láìjẹ́ pé wọ́n lu ẹ́, tó ò ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tó o tún ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n rán ẹ lọ ra ata, wọ́n ti mọ̀, wọ́n kàn ń wò ẹ́ ni. Tí wọ́n bá bi ẹ́, má purọ́. "Mọ̀mí, ẹnì kan wà ní lẹ́sìnì tí mo fẹ́ràn, báyìí lorúkọ ẹ̀, ibi báyìí ni wọ́n ń gbé." Wọ́n lè pariwo, wọ́n lè ní ṣé torí ẹ̀ làwọn ṣe ń san owó lẹ́sìnì, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, kó o ní "mo gbọ́ mà". Tó bá di pé o fẹ́ yọjú sílé ẹni yẹn, má súfèé lẹ́nu géètì bí olè, kan ilẹ̀kùn, dọ̀bálẹ̀ tàbí kó o kúnlẹ̀ kí àwọn òbí ẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó sí pálọ̀ níbi tí gbogbo ilé ti ń rí yín.

Gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni o. Tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà lẹni tó ń pè ẹ́ ní ìfẹ́ ẹ, ì báà ṣe tíṣà, ì báà ṣe bọ̀dá àdúgbò tó ń ra káàdì fún ẹ, má ṣe ìkankan nínú ẹ̀, sọ fún àwọn òbí ẹ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 sọ pé ọmọdé lẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, àgbàlagbà yẹn náà sì mọ̀. Ẹni tó bá sì ní kó o ya fọ́tò ìhòòhò ránṣẹ́, ẹgbẹ́ ẹ ni o, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ ni o, rárá ni ìdáhùn. Bákan náà ni ẹni tó bá ní kẹ́nikẹ́ni má mọ̀ pé ẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Fura sí i.

Ó ku WAEC àti JAMB. Ẹ lè jọ máa kàwé, mo ti rí àwọn méjì tí máàkì wọn gòkè torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí èkejì rí òun lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó kọjú síra, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ara yín, kí ìwé wà láàárín, kí fóònù wà nínú báàgì. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti tó wákàtí kan tẹ́ ẹ ò tíì ṣí past question, kí ẹnì kan dìde lọ sí tábìlì kejì.