Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tó ń pa ọmọ oyin ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé

Ọ̀pọ̀ ilé oyin ló máa ń la òtútù já tán, tí wọ́n á wá kú lẹ́yìn tí òdòdó àkọ́kọ́ ti yọ, nígbà tí ẹni tó ni wọ́n ti ń dúpẹ́ pé ewu ti kọjá. Láti ìparí ìgbà òtútù ni ayaba ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, bẹ́ẹ̀ àwọn oyin tí wọ́n bí kí òtútù tó dé, tí wọ́n ti lo bí oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà láyé, ń kú lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa rọ́pò wọn ṣì wà nínú afárá. Oyin díẹ̀ tó ti gbó ló wá ń tọ́jú ọmọ tó ń pọ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí, ẹni tó fẹ́ràn oyin tí kò sì lè fọwọ́ lérán ló máa ń ṣe wọ́n ní jàǹbá jù.

Ẹ má ṣí àpótí nítorí pé oòrùn ràn

Ọmọ inú afárá, ìyẹn ẹyin, ìdin àti èyí tí wọ́n ti fi ìda dé, gbọ́dọ̀ wà nínú ooru tó tó nǹkan bí 32 sí 36 °C. Ara àwọn oyin fúnra wọn ni ooru yìí ti ń wá: wọ́n á máa gbọn iṣan tí wọ́n fi ń fò láìjẹ́ kí ìyẹ́ wọn mì, oyin tí wọ́n tọ́jú pamọ́ ni wọ́n sì ń jẹ kí wọ́n lè ṣe é. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí, wọ́n á tún ooru náà mú wá láti ìbẹ̀rẹ̀, oúnjẹ wọn á sì dín kù.

Bí ìta kò bá tíì tó 10 °C, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i rárá. Láàárín 10 sí 15, ẹ lè gbé ìdérí kí ẹ yọjú wò bóyá oúnjẹ kù, kí ẹ dé e padà kíá. Kí ẹ tó yọ férémù ọmọ (férémù ni igi onígun mẹ́rin tí afárá wà nínú rẹ̀) síta, ẹ dúró di ọjọ́ tó ju 15 °C lọ tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́. Oòrùn lè ràn kí atẹ́gùn ṣì máa gbẹ ìdin, kó sì máa mú un tutù lọ́wọ́ yín.

Ẹ ò sì ní láti wá ayaba kiri. Ẹyin kì í ju ọjọ́ 3 lọ kó tó pa di ìdin. Tí ẹ bá ti rí ẹyin kọ̀ọ̀kan nídìí ihò, ayaba ti wà níbẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 náà. Ẹ dá férémù padà sí àyè rẹ̀ gan-an, kí ó kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀.

Pípààrọ̀ àpótí òkè àti ìsàlẹ̀

Àṣìṣe yìí ló ń dùn mí jù, nítorí pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí ẹni pé dandan ni. Ẹni tó ń fi àpótí ọmọ méjì sin oyin yóò rí i pé nígbà òtútù, oyin ń jẹun lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Tí ìgbà ìrúwé bá dé, wọ́n á ti wà nínú àpótí òkè, ti ìsàlẹ̀ á ṣófo. Àwọn tó ń kọ́ni á ní kí ẹ gbé ti òkè sísàlẹ̀, kí ẹ gbé èyí tó ṣófo sókè, kí ayaba lè ní àyè.

Bí gbogbo ọmọ bá wà nínú àpótí òkè nìkan, tí oyin pọ̀, tí òru sì ti ń móoru, kò sí wàhálà. Ìṣòro ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ wà nínú méjèèjì: apá kan ní ìsàlẹ̀ àpótí òkè, apá kejì lókè àpótí ìsàlẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ òbìrí kan ṣoṣo tí oyin dì mọ́. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá pààrọ̀ wọn. Oúnjẹ tí wọ́n tọ́jú sí òkè àpótí tó wà lókè tẹ́lẹ̀ àti afárá òfìfo tó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí tó wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá bọ́ sáàárín, àwọn ọmọ á sì pín sí òpin méjèèjì, apá kan lókè téńté, apá kan nísàlẹ̀ pátápátá. Oyin tó ń bo òbìrí kan tẹ́lẹ̀ á wá máa sá sókè sá sódò láti bo méjì. Òru òtútù kan péré tó láti pa èyí tí wọn ò lè bò.

Ẹ yẹ férémù méjèèjì tó wà láàárín wò, lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ tó gbé ohunkóhun. Bí ọmọ bá kan ojú ìpàdé àpótí méjèèjì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kánjú: tí oyin bá ti pọ̀, ayaba á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọ tí òtútù pa sábà máa ń wà létí òbìrí náà. Ìdin á dúdú, àwọn oṣìṣẹ́ á sì máa wọ́ ọ síta. Kì í ṣe àrùn. Àmọ́ tí ìdérí ihò bá jìn wọnú, tó lu, tí òórùn burúkú ń jáde, ẹ ti igi ìṣáná bọ̀ ọ́. Tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá fà yọ̀ọ̀ tẹ̀ lé igi náà, ó lè jẹ́ American foulbrood, àrùn tó ń mú kí ìdin jẹrà: ẹ dé àpótí náà, ẹ má gbé férémù rẹ̀ lọ síbòmíràn, kí ẹ sì ké sí àwọn tí ìjọba yàn fún àyẹ̀wò oyin.

Fífi àyè kún àyè kó tó yá

Irú àṣìṣe kan náà ni fífi férémù òfìfo sáàárín ọmọ tàbí gbígbé àpótí tuntun lé e nígbà tí oyin kò tíì kún ti àkọ́kọ́. Nínú àpótí férémù 10, ẹ dúró títí oyin yóò fi bo férémù 7 tàbí 8 dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ òbìrí ọmọ ni férémù tuntun ń lọ, kì í ṣe àárín rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má sùn lọ o. Ọmọ oṣìṣẹ́ ń lo nǹkan bí ọjọ́ 12 lábẹ́ ìda kó tó jáde, férémù kan tó kún tìbú tòró sì lè di oyin tó bo férémù méjì sí mẹ́ta. Àpótí tó wà ní ìdajì lónìí lè kún dẹ́nu láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí ìhò ayaba, ìyẹn ihò tí wọ́n ti ń tọ́ ayaba tuntun, sì máa ń di dídé ní bí ọjọ́ 8 tàbí 9 lẹ́yìn tí a yé ẹyin rẹ̀, ní àsìkò yẹn gan-an ni oyin sì sábà máa ń ṣí lọ, ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ méje-méje tí ojú ọjọ́ bá ti móoru.

Oúnjẹ

Ọmọ púpọ̀ ń jẹ púpọ̀. Oyin tó tó wọn la òtútù já lè tán ní ọ̀sẹ̀ tí òjò bá dá wọn dúró sílé. Ẹ máa gbé ẹ̀yìn àpótí díẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá fúyẹ́, ẹ má retí òdòdó. Tí òtútù ṣì mú, ṣúgà líle ni kí ẹ gbé sórí wọn tààrà, nítorí pé wọn ò ní kúrò lójú kan lọ mu omi ṣúgà. Tó bá ti móoru ni ẹ lè fún wọn ní omi ṣúgà, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan. Ẹ má fún wọn ní oyin tí ẹ kò mọ ilé tó ti wá: irúgbìn àrùn tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Ẹ má ta omi ṣúgà sílẹ̀, kí ẹ sì dín ẹnu ọ̀nà kù, kí oyin ilé mìíràn má bàa wá jà wọ́n lólè.

Bí ilé kan bá rẹ̀, ẹ má kàn dà á pọ̀ mọ́ èyí tó lágbára. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó sọ ọ́ di aláìlera. Bí ìgbẹ́ oyin bá dà sára àpótí níwájú, ó lè jẹ́ pé wọ́n ń ṣàìsàn, ẹ sì lè gbé àìsàn náà wọ ilé tó yè. Bí ìdérí ọmọ bá yọ gọngọ sókè nínú ihò kéékèèké tó yẹ kó jẹ́ ti oṣìṣẹ́, akọ nìkan ni wọ́n ń bí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ayaba ló ń yé wọn, a jẹ́ pé ó ti kọjá àtúnṣe, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú un kúrò kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Bó bá jẹ́ pé iye wọn nìkan ló kéré, ẹ kó wọn sínú àpótí kékeré tí wọ́n lè mú gbóná, kí ẹ fún wọn ní àkókò.

Kí ẹ sì ka iye Varroa, kòkòrò kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára, nígbà tó ṣì kéré. Abẹ́ ìda ló ti ń bí, nítorí náà bí ọmọ oyin bá ṣe ń pọ̀ ni òun náà ń pọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára oògùn rẹ̀ dáadáa, pàápàá ìwọ̀n ooru tó yẹ ká lò ó àti bóyá a lè lò ó nígbà tí àpótí oyin tí a máa kórè wà lórí rẹ̀.